Ẹ là mí lọ́yẹ lórí "by", "until", "in", "on" àti "at": oníbàárà mi ṣì mí gbọ́

Aránṣọ Àjàṣẹ́:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin ni mo wà, ẹ̀gbẹ́ ọjà Ouando ni ṣọ́ọ̀bù mi. Púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi ló ń ti Èkó wá, àwọn kan nínú wọn kì í ṣe Yorùbá, nítorí náà Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ̀wé síra wa lórí WhatsApp. Faransé ni èmi fi kàwé, troisième, ọdún kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ni mo sì dé kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Obìnrin kan kó aṣọ ẹbí méjìlá fún mi. Mo kọ̀wé sí i pé "I will sew the clothes until Friday." Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí ó tó di alẹ́ Jímọ̀, gbogbo rẹ̀ á ti parí. Òun kà á sí pé màá ṣì máa rán an lọ títí Jímọ̀, pé mi ò dá ọjọ́ kankan. Inú bí i. Ó rán ọmọ wá kó mẹ́fà tí mi ò tíì gé lọ. Ó dùn mí wọra, torí mi ò parọ́ fún un, ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló dà mí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, báwo lẹ ṣe ń mọ èyí tó yẹ? Ọmọ mi tó wà ní sixième, ọdún àkọ́kọ́ ní girama, náà bi mí lánàá, mi ò rí èsì fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ohun tí mo lè dì mú nígbà tí mo bá ń kọ̀wé.

Olùkọ́ láti Kétu:

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ kọlẹ́ẹ̀jì níbí ní Kétu, mo sì lè fi dá yín lójú pé ọ̀rọ̀ tó ṣe yín yìí ń ṣe àwọn tó ti gba BAC, ìwé ẹ̀rí ìparí girama, pàápàá.

Àwọn onígírámà Yorùbá ń pe irú ọ̀rọ̀ bíi "by" àti "until" ní ọ̀rọ̀ atọ́kùn ("preposition"), orúkọ yẹn sì dùn mọ́ mi. Gbogbo wa la mọ atọ́kùn eégún. Kò wọ agọ̀, òun kọ́ ni ará ìlú jáde wá wò, àmọ́ òun ló ń mú eégún gba ojú ọ̀nà tó yẹ. Nínú gbólóhùn tẹ́ ẹ kọ, "sew" ni eégún, "Friday" ni ojúde tó ń lọ, atọ́kùn tẹ́ ẹ fún un ló mú un gba ọ̀nà mìíràn.

"Until" ń sọ ohun tó ń lọ láìdáwọ́ dúró títí àkókò kan fi dé. "I will be in Lagos until Friday": mo wà níbẹ̀ lónìí, mo wà níbẹ̀ lọ́la, ó di Jímọ̀ kí n tó kúrò. "By" kò ka bí iṣẹ́ ṣe ń lọ sí, òpin ló ń wò. "The clothes will be ready by Friday": ó lè parí ní Àlàrùba, ó lè parí ní Àlàmísì, àmọ́ kò ní ré Jímọ̀ kọjá. Faransé ní "d'ici vendredi" fún un, ṣùgbọ́n "jusqu'à" ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí wa lẹ́nu, "jusqu'à" ló sì máa ń fa "until" wá.

Ẹ ṣọ́ra bí "not" bá wọ ọ̀rọ̀ náà. "They will not be ready until Friday" tọ̀nà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé Jímọ̀ gan-an ni wọ́n máa tó parí, ẹ má wulẹ̀ wá ṣáájú ọjọ́ náà.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́:

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún ti ọ̀gá. Ṣábẹ̀ẹ́ ni wọ́n bí mi sí, Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kà ní yunifásítì Abomey-Calavi. Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, bíìrò pupa ló kún inú ìwé mi. Ìgbà tó yá ni mo kó gbogbo àṣìṣe mi sójú kan, mo ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé èdè ilé ló ń ba Gẹ̀ẹ́sì wa jẹ́. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu: Faransé ló fa èyí tó pọ̀ jù, Yorùbá ì bá sì ti yọ mí ká ní mo bi í léèrè.

Mo máa ń kọ "it depends of you" nítorí "dépendre de". "It depends on you" ni. Kí ni Yorùbá ń sọ? Gbára lé. Lé e, bí ẹni gbé ẹrù lé orí àga. "On" náà nìyẹn. Mo máa ń kọ "participate to", "participer à" ló kó bá mi. Yorùbá ní kópa nínú, Gẹ̀ẹ́sì ní "participate in". Mo máa ń kọ "I listen music" torí pé "écouter" kò ní atọ́kùn kankan lẹ́yìn. Yorùbá ní tẹ́tí sí, Gẹ̀ẹ́sì ní "listen to". Faransé ní èèyàn wà "sur la photo", èmi náà ní "on the photo". Yorùbá ní mo wà nínú fọ́tò, Gẹ̀ẹ́sì ní "in the photo". Rédíò ńkọ́? "À la radio" ni Faransé. Lórí rédíò la máa ń sọ nílé, "on the radio" ni tiwọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni lórí fóònù, "on the phone", àti lórí ayélujára, "on the internet".

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni "ago". Faransé ń sọ "il y a trois ans", àwa wá ń kọ "there is three years" tàbí "before three years". Ọ̀rọ̀ wa náà wà nílẹ̀ o: ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, "three years ago". "Ago" jókòó síbi tí "sẹ́yìn" jókòó sí gan-an, ẹ̀yìn iye ọdún.

"Since" àti "for" tún wà ńbẹ̀. "Depuis" kan náà ni Faransé ń lò fún méjèèjì. Yorùbá kì í dà wọ́n pọ̀: láti 2009, "since 2009", fún ọdún mẹ́wàá, "for ten years". Àǹtí, bí ẹ bá ti rí ara yín tẹ́ ẹ fẹ́ sọ "láti" kí ẹ tó dárúkọ ìgbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀, "since" ni. Bó bá jẹ́ gígùn àkókò lẹ́ ń kà, "for" ni.

Awakọ̀ Ìgólò:

Àbúrò, o ṣe é, àmọ́ má jẹ́ kí Àǹtí rò pé Yorùbá kì í ṣini lọ́nà. Ojú ọ̀nà Ìgólò sí Ìdí-Ìrókò ni mo ń ná. Lọ́jọ́ kan, òṣìṣẹ́ kan ní ẹnu ibodè bi mí pé níbo ni ìwé ọkọ̀ mi wà. Ẹlòmíràn ti gbà á lọ́wọ́ mi nísàlẹ̀. Mo ní "Your friend collect it in my hand." Ó ní kí n na ọwọ́ mi kí òun rí i. Ó tó wákàtí kan kí ọ̀rọ̀ tó yé ara wa. Ẹnì kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló wá sọ fún mi pé "from me" ni, kò kan ọwọ́ rárá. Gbà lọ́wọ́, rà lọ́wọ́, jí lọ́wọ́, yá lọ́wọ́, gbogbo wọn "from" ni: "I bought it from her", "he stole it from me", "I borrowed it from him".

Ti ọkọ̀ náà tún wà. Inú ọkọ̀ la máa ń wà ní Yorùbá, ìbáà jẹ́ takisí ìbáà jẹ́ bọ́ọ̀sì. Gẹ̀ẹ́sì yà wọ́n sọ́tọ̀. "In a car", "in a taxi", àmọ́ "on a bus", "on a train", "on a plane", "on a ship". Bí mo ṣe ń rántí rẹ̀ ni pé ọkọ̀ tí èèyàn lè dìde dúró nínú rẹ̀ kó rìn díẹ̀, "on" ni. Èyí tó jẹ́ pé ńṣe lo máa tẹ̀ wọ̀ ọ́ kí o sì jókòó síbi kan ṣoṣo, "in" ni. Ohun tí a ń gùn, "on" náà ni: kẹ̀kẹ́, ẹṣin, zémidjan (ọ̀kadà). Bí a ṣe ń wọ̀ ọ́ àti bí a ṣe ń bọ́ọ́lẹ̀ náà ń tẹ̀lé e: "get in the car, get out of the car", "get on the bus, get off the bus". Bí o bá sọ fún èrò bọ́ọ̀sì pé "get out", o ti lé e nìyẹn.

Aránṣọ Àjàṣẹ́:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Ti "by" ti wọ̀ mí lára. Ẹ̀gbọ́n awakọ̀, èmi náà ti máa ń sọ "in my hand" yẹn fún oníbàárà.

Ẹ wá bá mi dá sí ti ọjọ́ àti ibi. "Ní" ni mo ń sọ fún gbogbo rẹ̀: ní Jímọ̀, ní aago méjì, ní oṣù tó ń bọ̀, ní ọjà, ní Kútọnu. Ìgbà wo ló ń jẹ́ "in", ìgbà wo ló ń jẹ́ "on"?

Olùkọ́ láti Kétu:

Ibẹ̀ gan-an ni awakọ̀ wa ti jàre. "Ní" kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta fún wa. Yorùbá á sọ "ní", á wá wá ẹ̀yà ara tì í lẹ́yìn: ní orí, ní inú, ní ẹ̀yìn, ní iwájú, ní ẹ̀gbẹ́. Orí, inú àti ẹ̀yìn ló ń sọ ibi tí nǹkan wà, "ní" kàn ń gbé wọn dání ni. Ti Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré náà ló ru gbogbo ẹrù.

Ẹ má wá ìtumọ̀ "ní". Ẹ bi ara yín pé ojú wo lẹ fi ń wo ibẹ̀. Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo, ibi tẹ́ ẹ lè fi ìka tọ́, "at". Bí nǹkan bá fara kan ara nǹkan mìíràn, "on". Bí ààlà bá yí i ká, "in". Ẹ wo Akaba Idena, ẹnu ibodè àtijọ́ wa níbí. Bí mo bá dá ìpàdé síbẹ̀, "Meet me at Akaba Idena", torí pé ojú ibi tí a máa pàdé ni mo ń sọ. Bí ọmọ bá gun ògiri rẹ̀, "he is on the wall". Ìlú fúnra rẹ̀, tí odi yí ká láyé àtijọ́, "in Ketu". Ìdí nìyẹn tí "at the market" àti "in the market" fi tọ̀nà méjèèjì. Ẹni tó ní "she is at the market" kàn ń sọ ibi tó lọ. Ẹni tó ní "in the market" ti ń rò ó láàárín ìsọ̀ àti èrò. "Chez" tí ẹ mọ̀ nínú Faransé, "at" ló ń bá a lọ: "at the tailor's", ní ọ̀dọ̀ aránṣọ, ọ̀dọ̀ yín.

Ojú kan náà ni kí ẹ fi wo àkókò. Aago jẹ́ ojú kan: "at two o'clock". Ọjọ́, "on": "on Friday". Ohun tó gba ọjọ́ púpọ̀ mọ́ra, oṣù, ọdún, ìgbà òjò, "in". Orílẹ̀-èdè wa gba òmìnira "on 1 August 1960". Bí ẹ bá yọ ọjọ́ kúrò, ó di "in August 1960". Bí ẹ bá yọ oṣù náà kúrò, ó di "in 1960". Ìgbà tí wọ́n pa orúkọ Dahomey dà sí Benin ńkọ́? "On 30 November 1975." Ọjọ́ ló pàṣẹ níbẹ̀, oṣù àti ọdún kàn tẹ̀lé e ni.

Ohun kan wà tí àwọn ọmọ mi kì í gbàgbé mọ́ láti ìgbà tí mo ti ń fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kọ́ wọn. Èfẹ̀ máa ń jáde lóru, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ máa ń jó lọ́sàn-án. "Efe comes out at night, Gelede dances in the afternoon." Òru gba "at". Òwúrọ̀, ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́, "in the morning", "in the afternoon", "in the evening". Àmọ́ bí ẹ bá ti dárúkọ ọjọ́ mọ́ wọn, ọjọ́ á gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn: "on Saturday morning", "on Friday night".

Bí "last", "next", "this" tàbí "every" bá ti wà níwájú, ẹ má fi nǹkan kan sí i mọ́. "Next month", "every Friday". "In the next month" ní ìtumọ̀ tirẹ̀, kì í ṣe oṣù tó ń bọ̀ tí ẹ ní lọ́kàn.

Aránṣọ tó wà l'Ékòó:

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Àjàṣẹ́ lèmi náà, Èkó ni mo ti ń ránṣọ báyìí. Àwọn èyí tí mo fi ojú rí ni mo fẹ́ sọ.

Bí oníbàárà bá ní "I want it in two weeks", ọ̀sẹ̀ méjì sí òní ló ń wò. Bó bá ní "within two weeks", kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má dà wọ́n pọ̀, owó wà ńbẹ̀. "On time" àti "in time" náà yàtọ̀. "On time" ni ìgbà tẹ́ ẹ dá gan-an. "In time for the wedding" ni pé aṣọ dé kí ìgbéyàwó tó bẹ̀rẹ̀, ì báà ti pẹ́ díẹ̀.

Irinṣẹ́: "fi" la máa ń lò, kì í ṣe "pẹ̀lú". Mo fi àlùmọ́gàjí gé e, mo fi abẹ́rẹ́ gán an, mo fi ọwọ́ rán an. Gẹ̀ẹ́sì pín "fi" yìí sí méjì. Ohun tẹ́ ẹ dì mú, "with": "cut with scissors", "sewn with a needle". Ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà ṣe é, "by", láìsí "a" tàbí "the" níwájú rẹ̀: "sewn by hand", "sewn by machine". Aṣọ òwú, "made of cotton". Ẹni tó rán an, "made by". Ibi tí wọ́n ti rán an, "made in Benin", ẹ kọ ọ́ sára aṣọ yín o.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù fún iṣẹ́ wa. Bí wọ́n bá ní "take it in", wọ́n fẹ́ kí ẹ fún un wọlé kó lè mọ́ra. "Let it out", ẹ tú ojú rírán kó lè fẹ̀. "Take it up", ẹ ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. "Let it down", ẹ tú ìṣẹ́tí kó lè gùn sí i. "Try it on", ẹ jẹ́ kí n wọ̀ ọ́ wò. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo dé Èkó, ẹnì kan ní kí n "let out" aṣọ òun, mo rò pé ó fẹ́ kí n fi yá èèyàn. Olùkọ́ á sọ pé èyí kì í ṣe atọ́kùn gidi, ara ọ̀rọ̀ ìṣe ni. Ní ṣọ́ọ̀bù, bákan náà ni wọ́n ń rí lójú, ẹ há wọn sórí pa pọ̀ mọ́ "take" àti "let".

Akọ̀wé Àgbà:

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Inú mi dùn sí ohun tí mò ń kà níbí. Mo ti ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó padà sí Àjàṣẹ́. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ rántí: ọ̀gá tó kọ́ wa ní kí a má ṣe fi atọ́kùn parí gbólóhùn. Àǹtí yín kò gbọdọ̀ kọ "Who is this dress for?" "For whom is this dress?" ló yẹ.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́:

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo bẹ̀bẹ̀ kí n sọ èrò mi. Òfin yẹn ti pẹ́. John Dryden, akéwì Gẹ̀ẹ́sì, ti bá àwọn tó ṣáájú rẹ̀ wí lórí rẹ̀ ní 1672. Àwọn tó ni èdè kò fi ìgbà kan jáwọ́ nínú fífi atọ́kùn parí gbólóhùn, àwọn onígírámà òde òní kò sì kà á sí àṣìṣe. Ẹ tún wo tiwa, Bàbá. "Ta lo rán an fún?" "Who did you sew it for?" Ibi kan náà ni "fún" àti "for" wà. Faransé ni kì í gbà kí "pour" dá dúró lẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Bí Àǹtí bá kọ "For whom" sórí WhatsApp, oníbàárà á rò pé lọ́yà ló kọ̀wé sí òun.

Akọ̀wé Àgbà:

Mo gbọ́, ọmọ mi. "Ta lo rán an fún" yẹn wọ̀ mí létí. Nínú ìwé tó bá ń lọ sí ọ́fíìsì, èmi á ṣì máa kọ "for whom", torí pé àwọn tó ń kà á lè jẹ́ ẹgbẹ́ mi. Fún oníbàárà, ẹ kọ ọ́ bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́.

Aránṣọ Àjàṣẹ́:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo fẹ́ kọ̀wé sí obìnrin náà, kó lè dá mẹ́fà yẹn padà. Ẹ bá mi wò ó kí n tó fi ránṣẹ́:

"Good morning Madam. I am sorry for the misunderstanding. Six dresses are ready since Tuesday. Bring the other six in Monday in the morning and I will finish by Friday. It depends of you. I am in the shop until seven. Thank you to wait."

Olùkọ́ láti Kétu:

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ! "By" àti "until" jókòó síbi tó yẹ wọ́n, inú mi dùn gidi. Nǹkan mẹ́rin ló kù. Níwọ̀n ìgbà tí "since" ti wà ńbẹ̀, "have been ready" ni, "are" kò bá a lọ. "On Monday morning", torí ọjọ́ ti gba àṣẹ. "Depends on", ẹ rántí gbára lé. Àmọ́ mo ní kí ẹ yọ gbólóhùn yẹn kúrò pátápátá, ó le díẹ̀ sí ẹni tí inú ń bí. Ìkẹrin, lẹ́yìn atọ́kùn, "-ing" ni ọ̀rọ̀ ìṣe máa ń gbà: "thank you for waiting", "before cutting", "after sewing". Faransé ń sọ "avant de couper", ìyẹn ló ń fa "before to cut". "To" tó wà nínú "I look forward to seeing you" náà atọ́kùn ni, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí kì í fi jẹ́ "to see".

"Good morning Madam. I am sorry for the misunderstanding. Six dresses have been ready since Tuesday. If you bring the other six on Monday morning, they will be ready by Friday. I am in the shop until seven every evening. Thank you for waiting."

Aránṣọ Àjàṣẹ́:

Mo ti fi ránṣẹ́. Ó dáhùn kí n tó gbé fóònù sílẹ̀: "Okay. My son will be there on Monday, by ten." Mo ka "by" yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Aago mẹ́sàn-án ni màá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù.